Hubert Ògúndé Gẹ́gẹ́ Bí Olùto-Ijó: Láti Òsósà Dé Montreal

Ní ọdún 1967 tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ oníjó kan gbéra láti ilẹ̀ Yorùbá, ó di Montreal ní orílẹ̀-èdè Kánádà. Ìpàtẹ àgbáyé Expo 67 ni wọ́n lọ bá. Láti ìparí oṣù Kẹrin títí dé ìparí oṣù Kẹwàá ni ìpàtẹ náà fi wà, èrò tó wọ ibẹ̀ sì ju mílíọ̀nù 50 lọ. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan kó ohun tó fi ń yangàn wá: òmíràn kó ẹ̀rọ, òmíràn kó iṣẹ́ ọnà, òmíràn kọ́ ilé tí irú rẹ̀ kò sí rí. Nàìjíríà gbé ijó dání. Ogunde Dance Company ni orúkọ ẹgbẹ́ náà, ọmọ Òsósà tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde sì ni olórí wọn.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sí ẹni tó jókòó sínú gbọ̀ngàn yìí tí kò gbọ́ orúkọ Hubert Adédèjì Ògúndé rí. A mọ̀ ọ́n sí bàbá eré orí ìtàgé. Àwọn tó ti dàgbà rántí eré Yorùbá Ronú tí ìjọba fòfin dè, àwọn àbúrò wọn sì rántí fíìmù Ayé àti Jáíyésinmi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí a dárúkọ àwọn tó to ijó ní Áfíríkà, orúkọ rẹ̀ kì í sábà jáde. Èyí kò tọ́. Ijó ló gbé Ògúndé dé òkè òkun, iṣẹ́ ijó sì ni ìjọba àpapọ̀ gbé lé e lọ́wọ́ nígbà tó pé ẹni 70 ọdún. Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú gbèsè kan tó wà lọ́rùn wa lórí ọ̀rọ̀ náà.

Kí ènìyàn máa jó yàtọ̀ sí kí ó máa to ijó fún ẹlòmíràn. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn oníjó ballet mọ ìyàtọ̀ yìí lára. Ọmọdé ni wọ́n ti ń wọ ilé ẹ̀kọ́. Kí wọ́n tó pé 20 ọdún, wọ́n ti wà lórí ìtàgé. Nígbà tí wọ́n bá fi máa súnmọ́ 40, orúnkún àti ẹ̀yìn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iṣẹ́. Ìgbà yẹn ni díẹ̀ nínú wọn máa ń di ẹni tó ń ṣẹ̀dá ijó. Lọ́dọ̀ tiwa, ìlú ló ni ijó. Bí onílù bá ti sọ̀rọ̀, oníjó mọ ohun tí yóò fi ẹsẹ̀ dá a lóhùn, kò sí ẹni tó ń béèrè pé ta ló dá ijó náà sílẹ̀. Ẹni tí yóò dúró sí ẹ̀yìn agbo, tí yóò máa pàṣẹ pé kí ẹni yìí lọ sí ọ̀tún, kí tọ̀hún dúró, kí ìlù dákẹ́ níhìn-ín, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ògúndé wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó fi iṣẹ́ náà jẹun ní Nàìjíríà.

Ọdún 1916 ni wọ́n bí i. Pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá rẹ̀, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ sì ni bàbá tó bí ìyá rẹ̀. Etí kan ń gbọ́ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, èkejì ń gbọ́ ìlù òrìṣà. Nígbà tó ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ń bá àwọn eégún alárìnjó ṣeré. Ẹ sì wo ohun tó yí ọmọ Ìjẹ̀bú ká nígbà náà. Agẹmọ ẹléni mẹ́rìndínlógún yóò gbéra láti ìlú wọn, wọ́n á lọ pàdé ní Ìmosàn. Ẹní bò wọ́n mọ́lẹ̀, apá kò hàn, ẹsẹ̀ kò hàn, síbẹ̀ ẹní náà ń jó. Wọ́rọ̀ ń dún níbi ìnáwó. Àwọn ará etí omi ní Agbo tiwọn, tí wọ́n gbẹ́ àwòrán ẹja àti ẹranko omi gbé sórí. Ọmọ tó dàgbà sí irú àyíká bẹ́ẹ̀ kò lè ka ijó sí ohun tí a fi ń pa ìdákẹ́jẹ́ láàárín ọ̀rọ̀ méjì.

Ó kàwé díẹ̀ ní Òsósà, ó lọ sí Èkó, ó sì padà wá sí ilé ẹ̀kọ́ African Church ti Wásinmi ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí láàárín 1931 sí 1932. Ó ṣe tíṣà, ó tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1941 ó wọṣẹ́ ọlọ́pàá ní Ìbàdàn, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e lọ sí Ẹ̀búté-Mẹ́tta.

Ẹ̀búté-Mẹ́tta ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ó dara pọ̀ mọ́ ìjọ Aládùúrà níbẹ̀, ìjọ náà sì ní kó bá àwọn ṣe eré. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1944, ní Glover Memorial Hall ní Èkó, wọ́n gbé The Garden of Eden and the Throne of God jáde. Ṣáájú ìgbà yẹn, bí ṣọ́ọ̀ṣì bá fẹ́ ṣe irú eré bẹ́ẹ̀, akọrin yóò tò sórí ìtàgé, wọ́n á dúró sójú kan, wọ́n á máa kọrin títí eré yóò fi parí. Ògúndé ní kí wọ́n kúrò lójú kan. Ó gbé ìlù wọ inú eré, ó sì jẹ́ kí ìtàn inú Bíbélì máa rìn, kó máa jó lójú òǹwòran. Àwọn ará Èkó tú jáde wá wò ó. Ní 1945 ó dá African Music Research Party sílẹ̀. Ní 1946 ó kọ̀wé fiṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ ìjọba jẹ́ ohun tí gbogbo òbí ń gbàdúrà kí ọmọ wọn rí, ọkùnrin yìí fi í sílẹ̀ nítorí orin àti ijó.

Ní 1947 ó kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú Clementina Oguntimirin, obìnrin tí gbogbo ènìyàn wá mọ̀ sí Adéṣẹwà Ògúndé lẹ́yìn náà. Níbẹ̀ ni Ògúndé ti wọ ilé ẹ̀kọ́ ijó, tó kọ́ waltz àti tap dance. Ó rọrùn láti pe èyí ní àfarawé òyìnbó. Ṣùgbọ́n ẹ wo tap dance fúnra rẹ̀. Ní 1740, òfin South Carolina gba ìlù lọ́wọ́ àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú, nítorí ẹ̀rù ń ba àwọn olówó wọn pé ìlù lè kó wọn jọ fún ọ̀tẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn àti àtẹ́wọ́ wọn ni wọ́n fi rọ́pò ìlù. Nígbà tí ẹsẹ̀ náà pàdé ijó àwọn ará Áyálándì tó wà ní Amẹ́ríkà ni tap dance jáde. Ohun tí ọmọ Òsósà lọ sanwó kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, apá kan rẹ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n kó kúrò ní etíkun tiwa. Ó sì kọ́ ohun kan tí agbo ijó ìlú kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: bí a ṣe ń ka ẹsẹ̀ ijó ní oókan, eéjì, eéta, tí ènìyàn mẹ́wàá yóò fi yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, kí òǹwòran tó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn tó rí i.

Ẹ̀kọ́ yìí hàn nínú opening glee, orin àti ijó tó máa ń ṣíwájú eré. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn 1950, nígbà tí ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ Ogunde Concert Party, saxophone àti gìtá wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìlù. Àwọn obìnrin yóò tò lẹ́sẹẹsẹ, aṣọ kan náà, ẹsẹ̀ kan náà. Àwọn òǹwòran kan kì í fẹ́ kí apá yẹn parí.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin yìí kò ṣe é fò. Kí Ògúndé tó dé, obìnrin tó ń gba owó oṣù lórí ìtàgé kò sí ní Nàìjíríà. Fún eré rẹ̀ Tiger's Empire ní 1946, ó polówó pé òun ń wá àwọn obìnrin tí òun yóò máa sanwó fún. Òbí wo ló fẹ́ kí ọmọ òun máa bá ẹgbẹ́ eré sùn ní ìlú yìí lónìí, ní ìlú mìíràn lọ́la? Ọ̀nà tí Ògúndé wá gbà ni pé ó ń fẹ́ wọn. Àwọn ìyàwó rẹ̀ ju mẹ́wàá lọ, wọ́n ń jó, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń ṣeré, àwọn ọmọ wọn sì dàgbà sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń to ijó nílò ara tí kò ní í lọ: bí oníjó bá ń wọlé tó ń jáde lóṣooṣù, ijó kò ní í gbó. Ìgbéyàwó ló fún Ògúndé ní ẹgbẹ́ tó dúró ju ogójì ọdún lọ. Òótọ́ mìíràn wà níbẹ̀ tó yẹ ká sọ jáde. Orúkọ ọkọ nìkan ló gbòòrò lára pátákó ìpolówó, bẹ́ẹ̀ ara àwọn obìnrin náà ni ijó ti jáde, àwọn ló sì kọ́ àwọn tó wọlé lẹ́yìn wọn. Bí a bá ń pe Ògúndé ní olùto-ijó, a gbọ́dọ̀ ka àwọn náà mọ́ ọn.

Ìjà rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba kò nílò àlàyé púpọ̀ níhìn-ín. Ọlọ́pàá mú un ní Jos nítorí eré rẹ̀ Strike and Hunger. Eré rẹ̀ mìíràn, Bread and Bullet, sọ ìtàn àwọn awakùsà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Enugu ní 1949. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí Yorùbá Ronú. Ó di 1966, lábẹ́ ìjọba ológun, kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Ẹnu ló kó o sí wàhálà. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ ló gbé e dé Kánádà.

Ìṣòro tó pàdé nígbà tó ń múra Montreal sílẹ̀ ni ìṣòro gbogbo ẹni tó ń to ijó. Òǹwòran tí yóò rí i kò gbọ́ Yorùbá, kò mọ oríkì, kò mọ ìdí tí alubàtá fi ń lù báyìí fún Ṣàngó tí kì í lù bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn. Nílé, ọ̀rọ̀ ló ń tọ́ òǹwòran sọ́nà, orin sì ń ràn án lọ́wọ́. Lọ́hùn-ún, ara nìkan ló kù. Ijó tó ń gba ọ̀sán títí di alẹ́ ní ojúde ọba gbọ́dọ̀ tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Agbo tó yí ká, tí gbogbo ènìyàn wà nínú rẹ̀, gbọ́dọ̀ ṣí ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ kí àwọn tó jókòó lè rí i. Ẹni tí kò bá ṣọ́ra yóò gé ijó náà títí ẹ̀mí inú rẹ̀ yóò fi jáde. Ògúndé ti fi ọdún méjìlélógún rin ìlú dé ìlú, ó mọ ìṣẹ́jú tí òǹwòran máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wò yàn-àn-yàn. Ìmọ̀ yẹn ló fi gé e.

Láti Kánádà, ẹgbẹ́ náà sọ̀ kalẹ̀ sí Apollo Theatre ní Harlem, ìtàgé tí gbogbo adúláwọ̀ Amẹ́ríkà mọ̀. Ó dùn mọ́ni láti rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Harlem yẹn kan náà ní 1969. Arthur Mitchell, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó di oníjó àgbà nínú New York City Ballet, padà sí àdúgbò tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí wọ́n pa Martin Luther King ní 1968, ó sì dá Dance Theatre of Harlem sílẹ̀. Ballet ni Mitchell kọ́ àwọn ọmọ adúláwọ̀. Òun náà ti jó fún ara rẹ̀ tó, ó wá jókòó to ijó fún àwọn ọmọ ẹlòmíràn. Ọ̀nà méjì yìí kò jọra, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ló gbà pé ẹgbẹ́ tó dúró ṣinṣin ni ẹ̀bùn tó ju òkìkí ara ẹni lọ.

Ní 1970, jàǹbá ọkọ̀ pa Adéṣẹwà. Ọgbẹ́ ńlá ni fún ẹgbẹ́ náà, nítorí òun ni ojú àti ohùn wọn. Lẹ́yìn náà ni fíìmù dé: Ayé ní 1979, Jáíyésinmi ní 1980, Àròpin N'tènìyàn ní 1982, Àyànmọ́ ní 1988. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé fíìmù ni orí ìkẹyìn nínú ìwé ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wúwo jù lọ ní àwọn ọdún yẹn ni ti ẹgbẹ́ ijó orílẹ̀-èdè.

Ẹ fi Nàìjíríà wé àwọn aládùúgbò wa. Fodéba Keïta ti dá Les Ballets Africains sílẹ̀ ní Parisi ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Gbàrà tí Guinea gba òmìnira ní 1958, ẹgbẹ́ náà di ti orílẹ̀-èdè. Ní Ghana, Mawere Opoku àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ghana Dance Ensemble sílẹ̀ ní Legon ní 1962. Nàìjíríà tó pọ̀ jù wọ́n lọ, tó lówó jù wọ́n lọ, kò ní ẹgbẹ́ ijó orílẹ̀-èdè kankan títí di ìgbà tí 1986 dé. Ìdíje Commonwealth ń bọ̀ ní Edinburgh, ayẹyẹ àṣà wà lára rẹ̀, ìjọba sì nílò ẹni tí yóò kó àwọn oníjó jọ. Ẹni 70 ọdún ni wọ́n ké sí.

Òsósà ló kó wọn wá. Àwọn ọ̀dọ́ láti ìpínlẹ̀ káàkiri Nàìjíríà wá ń gbé ní àgọ́ ní ìlú Ìjẹ̀bú kékeré, wọ́n ń jí láàárọ̀, wọ́n ń kọ́ ijó ara wọn. Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá to ijó rí lè rò pé ohun tó rọrùn ni. Swange àwọn Tiv a máa yí ara láti ìbàdí lọ sókè, orúnkún tẹ̀, ẹsẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀. Atilogwu àwọn Ígbò a máa fò, a máa ta òkìtì, ẹnì kan a gun èjìká ẹnì kejì. Ekombi àwọn Efik a máa rọra lọ bí ìgbì omi etíkun Calabar. Bàtá ní tirẹ̀, èjìká ló ń fọ̀, ẹsẹ̀ ń já lójijì, ìlù àti oníjó sì ń bá ara wọn jiyàn. Ara tó ti mọ ọ̀kan láti kékeré máa ń kọ èkejì. Ọmọ alubàtá tó fẹ́ jó Ekombi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ bí èjìká rẹ̀ yóò ṣe dákẹ́. Irú ìṣòro tó kún inú àgọ́ ẹgbẹ́ ijó orílẹ̀-èdè nìyẹn: bí a ó ṣe mú ọ̀kan wọ inú èkejì nínú ìtàn kan ṣoṣo tí òǹwòran kò fi ní í máa ka ẹ̀yà.

Destiny ni orúkọ eré ijó tó jáde láti inú iṣẹ́ náà. Kò dé Edinburgh. Ní oṣù Keje 1986, Nàìjíríà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fà sẹ́yìn nínú ìdíje náà, nítorí ìjọba Thatcher ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ láti fi ìyà òwò jẹ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà South Africa. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, orílẹ̀-èdè 32 ni kò lọ. Ìpinnu náà tọ́, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà kò tú ká. Ògúndé ń bá iṣẹ́ náà lọ títí ó fi kú sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1990. Wọ́n sin ín sí Òsósà. Ní 1991, Decree 47 fi òfin gbé Ẹgbẹ́ Eré Orílẹ̀-Èdè Nàìjíríà kalẹ̀, Bayo Oduneye sì di adarí rẹ̀.

Àríyànjiyàn kan wà nípa irú iṣẹ́ yìí tí kò tíì tán. Àwọn kan ní ijó tí a bá gé kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀, tí a so mọ́ ti ẹlòmíràn fún òǹwòran tó sanwó, ti di ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwọ̀n nígbà tí ìjọba bá fẹ́ lo oníjó láti fi kí àlejò ní pápákọ̀ òfurufú. Kò ní ìwọ̀n nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òsósà. Àwọn alárìnjó tó kọ́kọ́ kọ́ Ògúndé náà gé ijó kúrò nínú ọdún eégún, wọ́n gbé e kiri ìlú, wọ́n sì gba owó. Àṣà tiwa ni kí ijó máa rìn.

Àwọn tó ń rìn ín lónìí pọ̀. Qudus Onikeku, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó, lọ kọ́ iṣẹ́ òkìtì ní ilé ẹ̀kọ́ circus ní Châlons-en-Champagne ní ilẹ̀ Faransé, ó padà wá dá QDance sílẹ̀ ní Èkó, ó sì gbé Re:Incarnation lọ sí Lyon ní 2021. Ní ọdún 2021 yẹn kan náà, Germaine Acogny gba Kìnnìún Wúrà ti ijó ní Venice. Porto-Novo ni wọ́n ti bí i ní 1944, Yorùbá ni ìyá bàbá rẹ̀, ìyálórìṣà sì ni. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló dá École des Sables sílẹ̀ ní Toubab Dialaw ní Senegal, níbi tí àwọn oníjó láti gbogbo Áfíríkà ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí Acogny ṣe tí Ògúndé kò ṣe ni pé ó kọ ọ̀nà ijó rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé rẹ̀, Danse africaine, jáde ní 1980, ó fún ẹsẹ̀ ijó kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, ó ya àwòrán rẹ̀. Ẹni tí kò rí i rí lè kọ́ ọ.

Lórí Ògúndé, ìwé Ebun Clark, Hubert Ogunde: The Making of Nigerian Theatre, ṣì ni òpó ìmọ̀ wa. 1979 ni ó jáde, ọdún méje kí àgọ́ ijó orílẹ̀-èdè tó wọ Òsósà. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ ijó tó tóbi jù lọ tí ọkùnrin náà ṣe kò lè sí nínú ìwé tó dára jù lọ tí wọ́n kọ nípa rẹ̀. Ara àwọn tó jó o ló wà. Ẹni tó jẹ́ ẹni 20 ọdún ní 1986 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 60 báyìí, tàbí ó ti lé. Orúnkún wọn kò ní í máa dúró dè wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ní Olabisi Onabanjo University ní Àgọ́-Ìwòyè, àti ẹ̀yin ti Tai Solarin ní Ìjàgùn, ẹ wá àwọn oníjó wọ̀nyí kàn. Ẹ gbé kámẹ́rà dání, ẹ jẹ́ kí wọ́n jó ohun tí wọ́n bá ṣì lè jó, kí wọ́n fi ẹnu sọ ìyókù; ẹ bá àwọn ìyàwó Ògúndé àti àwọn ọmọ tó jó nínú ẹgbẹ́ náà sọ̀rọ̀, kí orúkọ wọn wọ ìwé. Ẹ̀yin tí bàbá tàbí ìyá yín tọ́jú pátákó ìpolówó, tíkẹ́ẹ̀tì, fọ́tò tàbí rẹ́kọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ náà sínú àpótí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́. Ẹ mú un wá kí a ya ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ sì gba tiyín padà.